Bàbá Ló Sọ Ọ́

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àjà kẹta ni a ń gbé ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn Tavy Bridge, níbi tí wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́ tí wọ́n sì ń kọ́ tuntun sí ipò rẹ̀. Kí omi tó hó láàárọ̀ ni ẹ̀rọ tí ń fọ́ kọnkéré yóò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò sì máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni ìkòkò ògì, lẹ́yìn ìkòkò ni bàtà Dádì tí ó ń sáré lọ gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní gáréèjì, lẹ́yìn bàtà ni ilẹ̀kùn, nígbà tí Mọ́mì bá ń wọlé bọ̀ láti Woolwich níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Èmi àti Kúnlé, àbúrò mi, a kì í nílò aago. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé èwo gan-an ni ohùn ilé wa, n kò ní mú ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ohùn Màmá ni n óò mú, ìyá tí ó bí Dádì, tí ó jókòó sórí àpótí kékeré ní ilé ìdáná, tí ó ń bó ẹ̀wà nínú abọ́ omi, tí ó sì ń sọ gbólóhùn tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìmọ̀ràn: "Bàbá ní..."

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, Bàbá, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Bàbá àgbà wa ti kú ní Abẹ́òkúta ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Káfíńtà ni. Màmá kò dárúkọ rẹ̀ rí létí wa. Obìnrin ìgbà tirẹ̀ kì í pe orúkọ ọkọ, ìbáà jẹ́ ààyè, ìbáà jẹ́ òkú. Bàbá ni, ó parí. Nígbà tí Bàbá kú, ìwé ìgbélùú Dádì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì jáde, kò dájú pé wọn yóò jẹ́ kí ó padà wọlé. Orí fóònù ni ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bu yẹ̀pẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Kò rí aṣọ Bàbá gbà, kò rí irinṣẹ́ rẹ̀ gbà, àwòrán kan ṣoṣo ni ó ní, fìlà sì ti bo ìdajì ojú Bàbá nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Màmá dé láti wá máa mójú tó wa, kì í ṣe ẹ̀lùbọ́ tàbí ẹja gbígbẹ ni Dádì ń fi ojú wá nínú ẹrù rẹ̀. Ó ti kúrò nílé láti kékeré, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó, láti Èkó ó bọ́ sí ọkọ̀ òfuurufú. Kò rántí pé òun àti bàbá òun jókòó sọ̀rọ̀ rí títí ilẹ̀ fi ṣú. "Èmi ò jogún nǹkan kan," ni ó máa ń sọ fún Mọ́mì. "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè jogún."

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà sì wá, wọ́n rọ́ wá bí òjò. Nídìí oúnjẹ ni wọ́n ti sábà máa ń wá, lẹ́yìn tí Dádì bá ti bọ́ kóòtù iṣẹ́, tí ó sì ti fọwọ́. Màmá yóò wo bí èmi àti Kúnlé ṣe ń fi gìgísẹ̀ lulẹ̀ láti yàrá dé pálọ̀, tí ará ìsàlẹ̀ sì ń fi ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀ láti bá wa wí, yóò sì rẹ́rìn-ín músẹ́: "Bàbá ní, ẹni tó bá rọra rìn kì í jí onílé." Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ èyí, Dádì gbé ṣíbí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀?" Màmá wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ó sọ bẹ́ẹ̀," ni ó fèsì, ó sì bu ẹja kún oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo ra ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan, mo kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde. Ọmọ tí ó máa ń to nǹkan ni mí. Ìbọ̀sẹ̀ mi pàápàá ní ètò. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, mo ti ní mẹ́tàlélógún. Ní kíláàsì alẹ́ tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí Yorùbá báyìí, olùkọ́ wa máa ń yìn mí pé n kì í kọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìbéèrè ẹni tí ó sọ ọ́. Kò mọ ohun tí ojú mi ti rí.

Dádì kò fi ọ̀rọ̀ Bàbá pamọ́ sílé. Ó ń gbé wọn wọ bọ́ọ̀sì, ó ń gbé wọn lọ sí ìjọ aládùúrà wa ní Woolwich. Arákùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ti pé ogójì ọdún tí kò tíì rí aya. Dádì gbé ọwọ́ lé e léjìká: "Bàbá mi ní, ohun tí kò ní okùn lọ́rùn, Ọlọ́run ló ń bá a wá ẹni tí yóò ni ín." Arákùnrin náà ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fa ọrùn sùtánà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí ó ń wá okùn náà. Nígbà tí wọ́n ń bẹ ìjọ láti dáwó ìkọ́lé, Dádì dìde, ó ní bàbá òun máa ń sọ pé ẹ̀rí ọkàn dà bí ajá, bí ènìyàn bá bọ́ ọ yó, kò ní gbó mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mọ́mì nìkan ni kò bá wọn pa á. Nínú bọ́ọ̀sì tí a ń bá padà sílé, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ Dádì.

"Daddy Títí, ṣé ó dá yín lójú pé káfíńtà ni Bàbá?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ó kàn ń ṣe mí ní kàyéfì ni. Àtọjọ́ yìí, ewúrẹ́, okùn, ajá, ọgbà. N ò tíì gbọ́ pákó."

"Àgbà kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ pòwe," ni Dádì wí, ó sì yíjú sí fèrèsé. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí n tó rántí pé ti Dádì ni, mo sì pa á rẹ́.

Ìgbà tí ìrántí ikú Bàbá ń sún mọ́lé ni Dádì pinnu pé òun yóò ṣe é níbí, nínú gbọ̀ngàn ìjọ, lẹ́yìn ìsìn, níwọ̀n bí òun kò ti sí níbi ìsìnkú. Kò fẹ́ ariwo. Ohun tí ó fẹ́ ni kí òun dìde níwájú àwọn ènìyàn, kí òun sì sọ pé, bàbá mi nìyí, ohun tí ó sọ nìyí. Ó gba ìwé aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ mi, ó yan méjìlá, ó sì gbé wọn lọ fún ẹni tí ń tẹ̀wé. Ìwé ètò náà dé nínú páálí. Àwòrán Bàbá àti fìlà rẹ̀ wà níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní àkọlé ńlá: Àwọn Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n Bàbá Wa. Dádì ka ojú ìwé náà ní ìdúró, ní ìjókòó, àti nínú ilé ìwẹ̀. Màmá mú ẹyọ kan, ó wò ó, ó ní ojú òun ń ṣe òun, ó sì wọ yàrá lọ. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìrántí ni wọ́n fún wa ní ìsinmi kékeré ní ilé-ìwé. Dádì lọ síbi iṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n fún Mọ́mì lọ́sẹ̀ náà, Kúnlé lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, èmi sì wà nílé nítorí ikọ́. N kò dá wà nílé pẹ̀lú Màmá ní ọ̀sán rí láti ìgbà tí ó ti dé. Mo jí lójú oorun, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní pálọ̀, mo sì jáde lọ bá a. Fíìmù ni ó ń wò, ọ̀kan nínú èyí tí Auntie Ṣadé ń tà. Ìjọ kan náà ni àwa àti Auntie Ṣadé ń lọ; ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Woolwich, níbi tí gàrí, káàdì fóònù àti àwo fíìmù ti jọ ń gbé lórí pákó kan.

"Màmá, kí lo ń wò?"

"Kí lo ń wò, àbí kí lẹ ń wò?"

"Kí lẹ ń wò, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Jókòó. Olè ewúrẹ́ kan ni. Ó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín."

Mo jókòó. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan tí ó tín-ín-rín, tí ó wọ fìlà tí ó tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ń fi ọmọ-ìka-ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá ògiri. Bàbá Pẹ̀lẹ́pùtù ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kàn ń pè é ní Bàbá. Ó gbé ìka sétè. Ó yíjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ewé, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn àgbà: "Ẹni tó bá rọra rìn kì í jí onílé." Lẹ́yìn náà ni ó gbé ewúrẹ́ onílé kọjá ògiri.

Ẹ̀rín Màmá gé. Ọkùnrin náà ti dé ilé kejì, ó rí àgùntàn kan tí ń jẹ koríko fúnra rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó wo òkè, ó ní ohun tí kò ní okùn lọ́rùn, Ọlọ́run ló ń bá a wá ẹni tí yóò ni ín. Màmá na ọwọ́ sí rìmóòtù. Mo ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀.

"Títí, gbé e fún mi."

"Màmá, nọ́ńbà keje ni ìyẹn!"

"Mo ní gbé e fún mi."

Mo sáré lọ mú ìwé mi. Bí mo ti máa ń ṣe nǹkan ni mo ṣe èyí náà: mo fa ilà sí ẹ̀gbẹ́, mo sì bẹ Màmá kí fíìmù máa lọ. Apá mẹ́rin ni. Ní gbogbo ìgbà tí olè náà bá la ẹnu, mo ń sàmì. Ajá tí a bọ́ yó, tí kò gbó mọ́, ajá gan-an ni, ajá onílé, ó sì jẹ ẹran kí olè tó wọlé. Nígbà tí apá kẹrin parí, ogún nínú mẹ́tàlélógún ti di ti Bàbá Pẹ̀lẹ́pùtù. Mo ka mẹ́ta tí ó kù sí etí Màmá. Ó ní ọ̀kan, nínú ìpolówó òróró ìpara lórí rédíò ni òun ti gbọ́ ọ. Ọ̀kan, nọ́ọ̀sì tí ń wọn ẹ̀jẹ̀ òun ríru ló sọ ọ́, Mọ́mì sì túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ìkẹyìn ni kò mọ ẹni tí ó ni ín. "Bóyá èmi náà ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ sọ pé Bàbá ló sọ ọ́!"

"Bàbá náà kọ́ nìyẹn?" Ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Kí ni kí n máa pè é? Bọ̀dá? Mo fẹ́ fi pa yín lẹ́rìn-ín ni lọ́jọ́ yẹn, nítorí ẹsẹ̀ yín tó ń dún bí odó. Àfi bí mo ṣe rí i tí bàbá rẹ gbé ṣíbí sílẹ̀. O rí ojú rẹ̀? O ò rí i dáadáa, ọmọdé ni ọ́. Èmi tí mo bí i, mo rí i. Ojú tí ó fi béèrè omi lọ́wọ́ mi nígbà tí ó ní ìgbóná ni. Ṣé kí n ní rárá, olè ewúrẹ́ ni mo ń sọ?"

"Ẹ̀ bá wá sọ ti Bàbá gan-an fún un nígbà tó yá."

Màmá ju aṣọ ìnuwọ́ sórí itan. "Èwo? Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi bá a gbé, ìṣó ló máa ń há sẹ́nu. Ta ló ń há ìṣó sẹ́nu tó ń pòwe?"

Ó mú mi lọ́wọ́, ó sì sọ fún mi pé kí n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ti jáde. Ọjọ́ ìsinmi ti dé tán. Bí Dádì bá gbọ́ báyìí, kí ni yóò dìde sọ nípa bàbá rẹ̀? Lójú ọmọdé tí mo fi wò ó nígbà náà, irọ́ ni, mo sì bínú nítorí ìwé mi. Lójú tí mo fi ń wò ó lónìí, mo rí obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ fún ohun tí kò sí nínú àpótí rẹ̀, tí ó sì ń lọ yá a wá lójoojúmọ́ láti ibi tí ó sún mọ́ ọn jù. Mo pa ẹnu mi mọ́. Kò rọrùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Dádì sọ fún mi pé kí n rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ọ̀rọ̀ Bàbá tì í lẹ́yìn. Ikọ́ gbé mi tó bẹ́ẹ̀ tí Mọ́mì fi fún mi ní oyin.

Ọjọ́ ìsinmi, gbọ̀ngàn kún. Sùtánà funfun láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọ̀wọ́ àwọn ìyá ìjọ lápá ọ̀tún, òórùn ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín láti ilé ìdáná. Auntie Ṣadé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀bù, kò tíì ráyè ka ìwé ètò tí ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Màmá jókòó ní ìlà iwájú, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ sá. Dádì dìde. Ó ti fá irun. Ó gba gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, ó ní òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin bàbá òun, ohùn rẹ̀ sì já. Ó gbé ìwé sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n ka ọ̀rọ̀ bàbá mi fún yín. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó bá rọra rìn..."

"...kì í jí onílé!" Auntie Ṣadé ni. Kò mọ ìgbà tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó fò dìde. "Ha! Pẹ̀lẹ́pùtù! Bàbá yín náà wò ó?"

Àwọn ìyá ìjọ kọ́kọ́ fi ìbòrí bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan já lẹ́rìn-ín, ni èkejì, ni gbogbo ìlà. Àgbàlagbà kan ní ẹ̀yìn ń ka ìwé ètò sókè, ó ń kígbe, "Kẹrin! Ẹ wo kẹrin! Ìgbà tó gbé òbúkọ ọba nìyẹn!" Arákùnrin tí kò ní aya ń wo nọ́ńbà keje pẹ̀lú ìfura. Dádì dúró. Ó ń wo ìwé, ó ń wo àwọn ènìyàn, ẹ̀rín díẹ̀ wà ní ètè rẹ̀ bíi ti ẹni tí ó ń dúró kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òun. Auntie Ṣadé rí ojú rẹ̀. Ó jókòó pẹ̀lẹ́, ó sì bo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú ní ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kejì. Nígbà náà ni Dádì yí sí ìlà iwájú.

"Màmá?"

Màmá fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó dìde.

"Dàpọ̀, má bínú. Inú fíìmù ni. Gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Àfi ti nọ́ọ̀sì."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnìkejì gbá a lẹ́sẹ̀. Dádì ti gbàgbé pé gbohùngbohùn wà lẹ́nu òun. Bí ó ṣe ń mí ń dún káàkiri gbọ̀ngàn. "Kí wá ni Bàbá sọ?" ni ó béèrè. "Màmá, kò lè jẹ́ pé kò sọ nǹkan kan. Ẹ fún mi ní ẹyọ kan."

"Kì í sọ̀rọ̀, Dàpọ̀. O mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ló ní fún gbogbo nǹkan. Bó bá fá pákó, tí mo ní ó ti dán, á ní ó ku díẹ̀. Mo gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní ṣé iyọ̀ dé e? Ó ku díẹ̀. O gba ipò kejì ní kíláàsì, o sáré gbé ìwé wá, ó wo ìwé, ó wo ìwọ náà. Ó ku díẹ̀. Ọjọ́ tí mo bí ọ, wọ́n gbé ọ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, ẹ wò ó, ṣé ọmọ tóbi tó? Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ níwájú ìjọ."

"Ó ku díẹ̀," ni àwọn ìyá ìjọ bá a parí rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí kò dà bí ti àkọ́kọ́.

Dádì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé ètò sílẹ̀ lórí àga. "Ó sọ ọ́ fún mi," ni ó wí. "Ọjọ́ tí mo pè é kẹ́yìn. Mo ní, Bàbá, ara ńkọ́? Ó ní, ó ku díẹ̀. Mo ní, Bàbá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, ó ku díẹ̀. Mo bínú. Láti ọdún mẹ́ta, mo rò pé kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni, nítorí pé mi ò wálé." Ó nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ sùtánà. "Àṣé ó sọ gbogbo ohun tó ní fún mi."

Mọ́mì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fún un ní áńkáṣì. Dádì fun imú, gbohùngbohùn gbé e dé ojú pópó. Ó yẹ kí ó jókòó. Kò jókòó. Ó ń sọ fún wa nípa àga tí Bàbá kàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n láéláé, nípa èéfín sìgá àti òórùn pákó tútù, nípa bí ó ṣe máa ń fi àtàńpàkò yẹ igun ilẹ̀kùn wò; àwọn ohun tí kò sọ fún wa rí, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nínú wọn. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọdé fi ń wo ilé ìdáná. Nígbẹ̀yìn Auntie Ṣadé, ẹni tí ó ti sá lọ síbẹ̀ nítorí ìtìjú, yọ orí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́.

"Daddy Títí, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti parí, kí n máa bu ìrẹsì?"

Dádì gbé gbohùngbohùn padà sẹ́nu.

"Ó ku díẹ̀."